Àga Ẹ̀gbẹ́ Awakọ̀

Ẹ̀wà ni ìyàwó mi ń ṣà ní àárọ̀ ọjọ́ tí a lò pọ̀ kẹ́yìn. Ó gbé àtẹ sórí itan ní ẹ̀yìnkùlé ilé wa ní Ọ̀fàtẹ̀dó, ó sún awò ojú rẹ̀ sí ṣóńṣó imú, ó ń ju òkúta wẹ́wẹ́ sí apá kan. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ se omi tíì tán ni, mo ń gbé ife mi jáde, ó sì gbójú sókè.

“Bàbá Bùsọ́lá, ṣé ẹ ti pa gáàsì?”

“Mo ti pa á.”

“Ọwọ́ ni àbí ẹnu?”

Mo rẹ́rìn-ín, mo padà wọlé. Nígbà tí mo fọwọ́ kan orí sílíńdà tí mo yí i, ó ṣì ṣí díẹ̀. Mo pa á dáadáa. Mo tún jáde, kò sì bi mí ní nǹkan kan mọ́. Ó kàn mirí, ó ń bá ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó ní òun fẹ́ na ẹ̀yìn díẹ̀. Kò jí mọ́. Dókítà ṣàlàyé ohun tí ẹ̀jẹ̀ ríru lè ṣe. N kò ní kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa rẹ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá wa, àpò ràfíà kan wà tí ó ti dì sílẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ àná rẹ̀. Ṣúgà wà nínú rẹ̀, àti ọṣẹ ìfọṣọ, àti ẹja gbígbẹ tí ó fi ìwé ìròyìn wé, àti súwẹ́tà aláwọ̀ ewé kan tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun. Ti Délé ni. Délé jẹ́ sójà lábẹ́ mi nígbà kan, ó sì ń gbé ní abà kan lẹ́yìn Iléṣà báyìí. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ìyàwó mi fi ń gbé irú àpò bẹ́ẹ̀ lọ fún un lọ́dọọdún. Èmi ni mo máa ń wakọ̀ gbé e lọ. Ṣùgbọ́n n kò wọ ilé Délé rí. Inú ọkọ̀ ni mo máa ń dúró sí.

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Iléṣà ti ń bẹ̀ mí tipẹ́ pé kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi sílẹ̀. Àwọn kan nínú wọn fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, àwọn mìíràn fẹ́ wọṣẹ́ sójà, wọn kò sì mọ̀ pé ènìyàn lè ṣe méjèèjì pọ̀. Mo ń fòní dónìí, mo ń fọ̀la dọ́la. Àpò yẹn ni ó mú mi jókòó ti ìwé níkẹyìn, nítorí pé oṣù mẹ́ta gbáko ló fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, tí n kò lè gbé e lọ, tí n kò sì lè tú u.

Ọmọ Iléṣà ni mí. Bàbá mi dá oko kòkó, ó sì rán gbogbo wa lọ ilé ìwé. Mo mọ ìṣirò, mo fẹ́ràn kí n máa tú rédíò, mo ga, mo lè sáré. Wọ́n gbà mí síṣẹ́ ológun, wọ́n sì rán mi lọ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Owó oṣù ń wọlé, a jẹun, àwọn ọmọ lọ ilé ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ dolówó kíákíá, kó wá iṣẹ́ mìíràn lọ. Ẹ jẹ́ ká fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Kí ni injiníà ológun ń ṣe? Òun ni ó máa ń mú kí àwọn yòókù lè kọjá. Bí odò bá dínà, a ó gbé afárá lé e. Bí ọ̀nà bá gé, a ó là á. Bí omi mímu kò bá sí, a ó gbẹ́ kànga. Ohun tí àwọn ènìyàn rò pé ìbọn nìkan ni sójà ń gbé kì í ṣe òótọ́. Fún ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀, irin ni mo gbé jù.

Ìjáde mi láti ilé ẹ̀kọ́ kò tíì pé oṣù kan tí wọ́n fi rán mi lọ sí bàráàkì tí mo ti pàdé ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Ọ̀gá yìí kéré sí mi nípò. Sájẹ́ǹtì Àlàó ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, irun rẹ̀ ti ń funfun, ọwọ́ rẹ̀ sì le bí èèpo igi. Nínú bàráàkì, èmi ni ọ̀gá rẹ̀. Nínú Yorùbá, ó ju ẹ̀gbọ́n mi lọ. Nítorí náà, èmi ń sọ “ẹ” fún un, òun náà ń sọ “ẹ” fún mi, a kò sì mọ ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún ẹnì kejì jù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, ó gbé ọwọ́ sókè, ó kí mi bí ó ti yẹ kí a kí ọ̀gá ológun. Ó wá bi mí pé, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, kí lẹ mọ̀?”

Mo ní mo ti gba oyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ.

“Ṣé oyè yẹn ń gbé irin, sà?”

“Rárá.”

“Ọmọ ibo ni yín, sà?”

“Iléṣà.”

Ó yíjú sí àwọn ọmọ ogun tó tò sẹ́yìn rẹ̀. “Háà! Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko! Ẹ má ṣèyọnu, sà. Ẹ máa rídìí irin lónìí.”

Gbogbo wọn pa ẹ̀rín. Ó ní kí n bọ́ ẹ̀wù mi, kí n wá gbé irin pẹ̀lú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé afárá tí mò ń sọ. Ó dà bí ilẹ̀kùn irin ńláńlá tí a tò, tí a sì so mọ́ ara wọn láti bèbè odò kan dé èkejì. Ọkùnrin mẹ́fà ló ń gbé irin kan. Níbi tí irin kan bá ti pàdé èkejì, a ó ki pínnì bọ̀ ọ́, ọ̀pá irin kúkúrú tó nípọn bí igi ẹ̀gẹ́. Ní ẹnu pínnì kọ̀ọ̀kan, a ó há ìkọ́ kékeré kan tí kò tóbi ju ìka lọ, kí pínnì náà má baà yọ nígbà tí ọkọ̀ bá ń mì í. Ìkọ́ yẹn ni gbogbo iṣẹ́ mi. Ìwọ̀n rẹ̀ kò tó ti kọ́kọ́rọ́ ilé, ṣùgbọ́n òun ni ó di ọkọ̀ akẹ́rù mú lórí omi.

Ọ̀nà tí Àlàó gbà kọ́ mi nìyí. Bí a bá ti to afárá tán ní pápá, yóò ní kí n kọjú sí igbó. Yóò lọ yọ ìkọ́ kan ṣoṣo níbì kan, yóò sì fi sápò rẹ̀. Yóò wá fi aṣọ dì mí lójú.

“Ẹ wá a, sà.”

“Pẹ̀lú ojú dídì?”

“Ojú máa ń rí ohun tó bá fẹ́ rí. Ọwọ́ ò mọ irọ́ ọ́ pa.”

Mo ń rá lórí irin láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí ní ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, tí mò ń tọ́ ìkọ́ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orúnkún mi bó. Nígbà tó yá, ó rẹ̀ mí, mo ní, “Gbogbo rẹ̀ pé.”

“Ọwọ́ ni àbí ẹnu, sà?”

Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ibi tí mo ti kọ́kọ́ dúró sí gan-an ni ó ti yọ ìkọ́ náà. Mo rò pé mo mọ ibẹ̀ dáadáa, n kò sì tọ́ ọ wò.

Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Ìdí mi gbóná fún ọdún méjì lọ́wọ́ Àlàó. Kò lù mí, kò sì lè lù mí. Ṣùgbọ́n ó lè kí mi ní “sà” lọ́nà tí ojú yóò fi tì mí fún ọ̀sẹ̀ kan.

Òfin rẹ̀ kejì kò sí nínú ìwé kankan, ẹnu ni a ti ń gbà á láàárín àwọn tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé pé afárá ti tó gùn, òun ni yóò jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ nínú ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò gùn ún. Mo bi í pé kí ló dé.

“Bó bá máa wó, sà, kó wó mọ́ ẹni tó ní kò ní wó.”

Mo gun afárá mi àkọ́kọ́ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rù, mo jókòó sí etí àga, mo di ilẹ̀kùn mú. Àlàó dúró sí òdìkejì, ó ń pariwo pé, “Ẹ fẹ̀yìn ti àga, sà! Àga kì í jẹ èèyàn!” Lẹ́yìn ìyẹn mo gun òmíràn, mo tún gun òmíràn, títí ẹ̀rù náà fi lọ. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ máa ṣọ́ra fún ọjọ́ tí ẹ̀rù bá lọ.

Láàárín àkókò yẹn ni mo fẹ́ ìyàwó mi. Olùkọ́ ni, ọmọ Iléṣà bíi tèmi. Ó tẹ̀lé mi láti bàráàkì dé bàráàkì, ilé ìwé tó bá sì wà nítòsí ni ó máa ń kọ́ni. Nígbà tí Àlàó fẹ́ fẹ̀yìntì, ó wá dágbére fún wa. Ìyàwó mi gún iyán fún un. Ó jẹun tán, ó fọwọ́ nu ẹnu, ó ní, “Ìyàwó, bí mo bá ti lọ, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa bi wọ́n.” Ìyàwó mi ní, “Kí n máa bi wọ́n ní kí ni, Bàbá?” Àlàó ní, “Ọwọ́ ni àbí ẹnu.” Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín.

Ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí ni n kò fẹ́ sọ.

Mo ti gba ipò méjọ̀ nígbà náà. Òjò kan rọ̀ ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè yìí, odò gbé afárá ọ̀nà lọ, àwọn abúlé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò rí oúnjẹ àti oògùn. Wọ́n rán wa lọ. A ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta nínú ẹrẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, afárá ti dúró. Odò ṣì ń ga, àwọn ará abúlé tò sí bèbè kejì pẹ̀lú abọ́ àti garawa, ọ̀gá mi sì ń pè mí lórí rédíò pé kí ló ń dá wa dúró.

Mo ti fọwọ́ tọ́ gbogbo ìkọ́ tó wà ní bèbè tiwa wò. Ti òdìkejì ni ó kù. Lẹ́fúténáǹtì kan ń bẹ lábẹ́ mi, Fẹ́mi lorúkọ rẹ̀. Mo bi í pé, “Òdìkejì ńkọ́?”

“Gbogbo ẹ̀ ti pé, sà. Sájẹ́ǹtì tó wà lọ́hùn-ún ní àwọn ti há a tán.”

Ẹnu Sájẹ́ǹtì, ó ti ibẹ̀ bọ́ sí ẹnu Fẹ́mi, ó ti ẹnu Fẹ́mi bọ́ sí etí mi. Ọwọ́ ta ni ó kàn án? N kò bèèrè. Mo fọwọ́ sí ìwé.

Délé ni awakọ̀ ọkọ̀ àkọ́kọ́. Ipò kọ́púrà ni ó wà, ọmọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà bíi tèmi, ẹlẹ́rìn-ín ní gbogbo ìgbà. Ó ní àṣà kan: kí n tó wọ ọkọ̀ rẹ̀, yóò kọ́kọ́ fi aṣọ nu àga tí mo máa jókòó lé. Ó nu ún ní ọjọ́ náà pẹ̀lú. Ó ṣílẹ̀kùn, ó ní, “Ọ̀gá, àga yín ti mọ́ o.”

Mo gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Rédíò tún pè.

Mo yíjú sí Délé, mo ní, “Máa lọ, mò ń bọ̀ lẹ́yìn.”

Ó lọ. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé bèbè kejì, àwọn ará abúlé ti bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, nígbà tí mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣẹ́ igi ìdáná gbígbẹ. Afárá náà tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọkọ̀ sì yí dànù. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí i láti bèbè tèmi, pẹ̀lú rédíò lọ́wọ́ mi.

Pínnì kan ní òdìkejì ló yọ, kò ní ìkọ́ lẹ́nu. A gbé Délé jáde láàyè. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún. Àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀ náà ti di pẹlẹbẹ bí abọ́ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn mi fi ń yọ̀ fún mi nígbà tí mo délé. Wọ́n ní Ọlọ́run ni ó yọ mí, wọ́n ní kí a lọ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó mi ni ó dá wọn lóhùn.

“Ìdúpẹ́ kí ni? Ọmọ ọlọ́mọ ń bẹ ní ọsibítù.”

Ó ti yé ìyàwó mi kí ó tó yé mi. Bí mo bá mọ̀ pé èmi ni yóò jókòó sórí àga yẹn, ǹ bá ti fọwọ́ mi kan gbogbo ìkọ́ tó wà ní òdìkejì, bí odò fẹ́ kó kún, bí ọ̀gá fẹ́ kó bínú. Ohun tí òfin Àlàó wà fún nìyẹn. Kì í ṣe kí ẹni tó jẹ̀bi lè kú. Kí ó lè tọ́ ọ wò ni.

Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Mo kọ àlàyé mi ní ojú ìwé mẹ́rin, mo sì gbé e fún ìyàwó mi kí ó bá mi wo àṣìṣe inú rẹ̀. Ó mú bírò pupa tó fi ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀. Ó kà á tán, ó sì fa ìlà yí orúkọ Fẹ́mi ká níbi márùn-ún tó ti jáde.

“Ọmọ yìí ló pọ̀ jù nínú ìtàn yín. Ta ló fọwọ́ sí ìwé?”

“Èmi ni.”

“Ta ni kò jókòó sórí àga?”

Mo na ọwọ́ gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Iṣẹ́ yín lè bọ́ o,” ni mo gbọ́ tó wí. “Mo mọ̀. Mo ti rò ó. Mo lè máa kọ́ni, a ò ní febi pa ọmọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé ìwé yìí sílẹ̀ bó ṣe wà, ìgbà tí irọ́ bá lọ lógún ọdún, èmi ni n ó máa bá a gbélé.”

Mo ya á. Mo kọ òmíràn, kò pé ojú ìwé kan. Mo ní mo fọwọ́ sí ohun tí n kò fọwọ́ kàn, mo sì rán ẹlòmíràn lọ síbi tó yẹ kí n lọ.

Iṣẹ́ kò bọ́. Wọ́n dá ìgbéga mi dúró fún ọdún púpọ̀, àwọn tí a jọ wọṣẹ́ ń kọjá lára mi, mo ń gbọ́wọ́ sókè kí àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́. Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo rí oorun sùn. Nígbà tó yá, mo di kọ́nẹ́ẹ̀lì, ibẹ̀ ni mo sì ti fẹ̀yìntì. N kò gba ìràwọ̀ ọ̀gágun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan gbà. Mo gbé afárá tó pọ̀ ju tiwọn lọ, kò sì sí èyíkéyìí nínú wọn lẹ́yìn ọjọ́ yẹn tí n kò kọ́kọ́ gùn. Mo lè fi ìyẹn yangàn, mo sì ń fi yangàn.

Láti ìgbà náà ni ìbéèrè Àlàó ti wọ ilé wa. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, kí ìyàwó mi tó gba báàgì lọ́wọ́ mi, yóò ní, “Ọwọ́ ni àbí ẹnu?” Ó bẹ̀rẹ̀ lórí afárá, ó sì ràn dé orí gáàsì, dé orí ilẹ̀kùn, dé orí oògùn tí mo ní mo ti lò. Nígbà mìíràn, ó máa ń bí mi nínú. Báyìí, kò sẹ́ni tó ń bi mí.

Irinṣẹ́ ti yí padà ju bí mo ti lè sọ lọ. Okùn ìwọ̀n, awò ìwọnlẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, pẹ́ńsù àti rọ́bà ni a fi bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ku ìṣirò kan, a lè jókòó tì í fún ọjọ́ méjì. Kí n tó fẹ̀yìntì, kọ̀ǹpútà ti ń ṣe é kí n tó mu tíì mi tán, n kò sì sọkún okùn ìwọ̀n. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ àtijọ́ dára ju tìsinsìnyí lọ, kò tíì fi èjìká gbé irin rí. Lẹ́yìn tí mo ti fẹ̀yìntì, wọ́n pè mí kí n wá bá àwọn ọ̀dọ́ injiníà sọ̀rọ̀. Kápítéènì obìnrin kan fi dúróònù, ẹ̀rọ kékeré tó ń fò, ya àwòrán afárá, ó gbé e síwájú mi.

“Sà, a lè rí gbogbo ìkọ́ láti orí tábìlì yìí.”

“Ó dára púpọ̀. Ta ni yóò jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀?”

“Èmi ni, sà.”

“Ṣé àwòrán yẹn ti tó ọ?”

Ó wo àwòrán, ó wò mí. Ó mú ìbọ̀wọ́ rẹ̀ lórí tábìlì, ó sì jáde lọ sí odò. Mo mọ̀ pé yóò dàgbà dé ibi tí n kò dé.

Mo ti sọ gbogbo èyí bí ẹni tó mọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ délẹ̀. Ó kù síbì kan.

Ìyàwó mi ni ó lọ kí Délé ní ọsibítù. Nígbà tí Délé padà sí abà wọn, òun náà ni ó wá ọ̀nà ibẹ̀ rí. Odò kékeré kan wà kí a tó dé abà náà, igi gbọọrọ méjì ni wọ́n gbé dábùú rẹ̀. Ọkọ̀ kò lè kọjá. Lọ́dọọdún, yóò gbé àpò rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, yóò yíjú sí mi.

“Ṣé ẹ máa bọ̀?”

“Bá mi kí wọn.”

Yóò kó aṣọ rẹ̀ sókè díẹ̀, yóò sì gun orí igi méjèèjì lọ. Èmi tí mo ti gbé afárá lé odò ńláńlá yóò máa fi ojú gíláàsì ọkọ̀ wò ó. Bí ó bá ń bọ̀, obì máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Wọ́n ní ẹ ṣeun,” ni ó máa ń wí. Kò fi ipá mú mi rí. Ìkíni mi fún Délé fún ọgbọ̀n ọdún, ẹnu ni, ẹnu ẹlòmíràn sì tún ni.

Nígbà tí àpò náà pé oṣù mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ọmọ mi Bùsọ́lá, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àbẹ̀rẹ̀, yà kí mi láti ibi iṣẹ́. Ó rí i.

“Dádì, ẹ jẹ́ n bá yín gbé e lọ ní Sátidé. Àbí kí n rán dẹ́rẹ́bà mi. Kò le rárá.”

Ó ti gbá etí àpò náà mú. Òótọ́ ni, kò le. Mo ti fẹ́ sọ pé, “Bá mi kí wọn.” Mo rí i pé ẹnu mi ti ń là.

“Fi sílẹ̀,” ni mo wí.

“Ẹ̀yin nìkan?”

“Èmi nìkan.”

Ní Sátidé, mo gbé àpò náà sórí àga ẹ̀gbẹ́ mi nínú ọkọ̀, mo gba Iléṣà kọjá, mo sì dúró níbi tí mo máa ń dúró sí. Mo pa ọkọ̀. N kò lè sọ bí mo ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Nígbà tó yá, mo sọ̀ kalẹ̀, mo kúnlẹ̀ létí odò, mo sì fọwọ́ tọ́ igi méjèèjì wò. Tọ̀tún ti jẹrà lábẹ́. Ìka mi wọnú rẹ̀. Orí ìyẹn náà ni ìyàwó mi ń gbà kọjá lọ́dọọdún. Mo gbé àpò lé èjìká, mo sì gba orí ti òsì.

Délé jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ àtíbàbà kan, ó ń tún pọ́ǹpù tí wọ́n fi ń fín oògùn sí kòkó ṣe. Òun ni ó ń tún un ṣe fún gbogbo abà agbègbè yẹn. Orí rẹ̀ ti funfun. Ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ fara ti òpó. Ó wo àpò náà kí ó tó wo ojú mi.

“Ọ̀gá. Ìyá dà?”

“Ìyá Bùsọ́lá ti sùn, Délé.”

Ó gbé pọ́ǹpù náà sílẹ̀. “Nígbà wo?”

“Ó ti lé lóṣù mẹ́ta.”

“Ẹ ò ránṣẹ́ sí wa.”

“N kò ránṣẹ́. Ó yẹ kí n wá fúnra mi, n kò sì tètè wá.”

Ó tẹrí ba. Adìẹ kan ń fẹsẹ̀ tú ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Nígbà tó gbórí sókè, ojú rẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n mo rí i tí ẹ̀rín àtijọ́ yẹn ń wá ọ̀nà bọ̀.

“Ọ̀gá, ẹ ní kí n máa lọ, pé ẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn.”

“Mo sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ẹ pẹ́ o.”

Mo ní, “Mo pẹ́, Délé. Ẹ̀gbẹ́ rẹ ló yẹ kí n wà lọ́jọ́ náà. Jọ̀ọ́, dárí jì mí.”

Ó fa aṣọ tó fi ń nu epo yọ lábẹ́ apá rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó sì nu ibi tó ṣófo lórí bẹ́ǹṣì náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó nu ún dáadáa, láti etí dé etí.

“Ẹ jókòó, sà.”

Mo jókòó. Ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọ̀tún rẹ̀ sókè.

“Ìyá ti fọwọ́ kàn án, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n débí,” ni ó wí. “Ẹ̀yin ńkọ́?”

Awọ ibi tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ náà ń dán, ó sì gbóná bí ara ẹnikẹ́ni. Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì kàn án.